Awò ìlọ́po 10 fún ẹni tó fẹ́ wo láíkìn ní Àkúrẹ́ àti Ìdànrè

Awò kékeré tí à ń gbé sójú, tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10, ni mo rà ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun èlò sáyẹ́ǹsì ní Àkúrẹ́. Ohun tí mo rà á fún ni láíkìn, ìyẹn àwọn àbàwọ́n aláwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ewé tó máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo igi àti àpáta. Ohun méjì ló para pọ̀ di láíkìn: ọ̀kan jẹ́ ìran olú, èkejì jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ fún àwọn méjèèjì. Nítorí pé wọn kò ní gbòǹgbò, tó jẹ́ pé inú òjò, ìrì àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń gba omi àti èròjà, ohun tí a bá fi ilẹ̀ ṣe kì í pẹ́ hàn lára wọn.

Oko kòkó ni awò yìí ti wúlò fún mi jù. Nínú oko àtijọ́ kan lọ́nà Ìdànrè, níbi tí wọ́n ti dá àwọn igi ńlá sí kí wọ́n lè ṣíji bo kòkó, ohun tí mo ti rò pé ó jẹ́ funfun kan náà lára èèpo wá di oríṣiríṣi: àwọn kan ní ilà dúdú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí ẹni fi kálàmù kọ̀wé, àwọn mìíràn sì ní ojú róbótó tó jin díẹ̀, níbi tí ìran olú náà ti ń tú ohun tó fi ń bí sí i jáde. Nínú oko tó wà nítòsí rẹ̀, tí wọ́n ti gé igi ìṣíji kúrò, èèpo kòkó gbẹ táútáú, oríṣi tí mo rí kò sì pọ̀. Ó dà bíi pé oògùn bàbà tí à ń fín sí kòkó kí ó má baà di dúdú náà lọ́wọ́ sí i, nítorí bàbà a máa pa ìran olú.

Lórí Òkè Ìdànrè, àwọn tó lè fara da oòrùn àpáta ni mo rí. Lára igi ẹ̀gbẹ́ títì nínú Àkúrẹ́, níbi tí èéfín ọkọ̀ àti eruku ti pọ̀, díẹ̀ ló kù. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun: ní ọdún 1866 ni William Nylander, onímọ̀ nípa láíkìn tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Finland, ti kọ ọ́ pé láíkìn tó pọ̀ nínú ọgbà Luxembourg ní Paris ṣọ̀wọ́n ní àwọn apá mìíràn nínú ìlú náà, ó sì rí i pé a lè fi wọ́n mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe mọ́ tó.

Àbùkù awò náà ni pé ìdè rẹ̀ máa ń tú, eruku ọyẹ́ sì lè ha dígí rẹ̀. Síbẹ̀, mo gba ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn igbó wa nímọ̀ràn pé kí ó rà á, kí ó má sì ra ti ìlọ́po 20, nítorí ibi tí ìyẹn ń fi hàn kéré, ó sì ṣókùnkùn. Ẹ gbé e sún mọ́ ojú yín gan-an, kí ẹ wá tẹ̀ sí èèpo igi títí yóò fi ku bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2.5, ibẹ̀ ni yóò ti mọ́ kedere.