Oúnjẹ Alẹ́ Pẹ̀lú Idán Nígbà Ìsinmi: Los Angeles, Chicago Tàbí Orlando?

Bí ẹ bá ń lọ lo ìsinmi ní Amẹ́ríkà, tí ẹ sì fẹ́ ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ láti jẹun kí ẹ sì wo onídán, ibi mẹ́ta ni a fi wéra níhìn-ín: Magic Castle ní Hollywood, Los Angeles, Chicago Magic Lounge ní Chicago, àti Outta Control tó wà nínú ilé ìgbafẹ́ WonderWorks ní Orlando. "Oúnjẹ pẹ̀lú idán" ni àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá kàn wo iye owó, tó mú èyí tó pọ́ọ́kú jù, lè débẹ̀ kó wá rí i pé ohun tí òun ń fẹ́ kọ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìtòsí lẹ ń fi owó rà nídìí idán: báwo ni ojú yín ṣe máa súnmọ́ ọwọ́ onídán tó? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàn, kí ẹ tó kan oúnjẹ.

Ojú yín àti ọwọ́ onídán

Idán orí ìtàgé la mọ̀ jù nílé. Eégún onídán tó ń di erè, tó ń di ọ̀nì láàárín agbo, àti Professor Peller ọmọ Ìsẹ́yìn tí gbogbo Nàìjíríà wò lórí tẹlifíṣọ̀n, èrò rẹpẹtẹ ni wọ́n ń pidán fún. Ohun ńlá ni wọ́n ń lò kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè rí i. Èyí tó tẹ̀ lé e ni idán inú yàrá: onídán á dúró níwájú ènìyàn 30 sí 100, á máa fi okùn, òrùka irin àti bébà ṣeré, tàbí kó sọ ohun tí ẹnì kan ń rò lọ́kàn. Èyí tó kéré jù ni idán orí tábìlì: káàdì, owó ẹyọ, ife àti bọ́ọ̀lù kéékèèké. Bí ẹ bá jìnnà sí tábìlì yẹn ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin márùn-ún lọ, ẹ̀yìn ọwọ́ nìkan lẹ máa rí, ẹ ò sì ní mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Magic Castle ní irú idán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lábẹ́ òrùlé kan. Ilé ọlọ́rọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1909 ni, lójú ọ̀nà Franklin Avenue. Ní oṣù Kìíní 1963 ni Milt Larsen ṣí i gẹ́gẹ́ bí ilé ẹgbẹ́ àwọn onídán tó ń jẹ́ Academy of Magical Arts. Close-up Gallery, tí kò gbà ju ènìyàn 20 lé díẹ̀ lọ, ni ti orí tábìlì. Parlour ni ti inú yàrá. Palace of Mystery, tó tóbi jù, ni ti ìtàgé. Yàtọ̀ sí gbọ̀ngàn mẹ́ta yìí, àwọn onídán tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ máa ń jókòó káàkiri ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí, wọ́n á na káàdì sí yín pé kí ẹ mú ọ̀kan. Nígbà míì, èyí gan-an ló máa ń dùn jù ní gbogbo alẹ́ náà, kò sì sí owó kankan lórí rẹ̀. Ẹ má sì kọjá yàrá tí dùùrù Irma wà. Kò sí ẹni tó jókòó sí i, àmọ́ bí ẹ bá ní kó kọ orin kan fún yín, á kọ ọ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni ìlà. Bí ẹ ti ra oúnjẹ kò sọ pé àga ń dúró dè yín nínú gbọ̀ngàn; ẹ máa tò ni. Nítorí pé Close-up Gallery kéré, ìlà tirẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kún. Ohun tó sì máa ń ba alẹ́ jẹ́ fún àlejò ni kí wọ́n gba àyè oúnjẹ sí aago mẹ́jọ. Oúnjẹ á gba wákàtí kan àbọ̀ tàbí méjì. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dìde, ìlà ti gùn, ara sì ti wúwo. Ẹ gba àyè oúnjẹ tó yá jù tí ẹ bá rí, ẹ jẹun tán, kí ẹ lọ tò fún Close-up Gallery kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Palace of Mystery lè dúró dè yín, ó láyè. Ẹ ya wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún sọ́tọ̀ fún ibẹ̀.

Ní Chicago Magic Lounge, wọ́n ti bá yín ṣètò alẹ́ náà. Lójú pópó, ní 5050 North Clark Street, ilé ìfọṣọ lẹ máa rí, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfọṣọ lára ògiri. Ẹ má rò pé ẹ ti ṣìnà. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ yẹn ni ilẹ̀kùn wà. Láti 2018 ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Nínú Signature Show wọn, àwọn onídán á kọ́kọ́ máa ti tábìlì kan bọ́ sí òmíràn nígbà tí ẹ ń mu ọtí, lẹ́yìn náà ni ìtàgé á bẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tó gba ènìyàn bí 120. Yàrá kékeré kan tún wà tí wọ́n ń pè ní 654 Club, tí àga inú rẹ̀ kò tó 50, fún idán orí tábìlì. Kì í ṣe gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì ló ń gbé yín débẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì náà bóyá 654 Club wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, tí àfikún owó tíkẹ́ẹ̀tì tó ní i kò bá pa yín lára, ẹ fi kún un. Nínú gbogbo owó tí ẹ lè ná lálẹ́ ọjọ́ náà, òun ni kò ní dùn yín.

Ìlú yẹn gan-an ló ni idán ilé ọtí. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn onídán Chicago ti ń dúró lẹ́yìn káńtà, tí wọ́n ń da ọtí fún oníbàárà, tí wọ́n sì ń pidán fún un. Ẹni tó bá tètè dé, kó jókòó síbi káńtà iwájú.

Outta Control kò ní idán orí tábìlì tó bẹ́ẹ̀. Gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni, ìṣẹ́jú 90, ẹ̀rín ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Onídán á máa pe ènìyàn jáde láti àárín èrò, pàápàá àwọn ọmọdé, á máa bá wọn ṣàwàdà. Ẹni tó ń wá idán tó máa gbé e lọ́kàn fún ọ̀sẹ̀ kan kò ní rí i níbẹ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n pè sórí ìtàgé lójú àwọn òbí rẹ̀ kò ní gbàgbé láéláé.

Ibi yòówù kí ẹ lọ, ẹ jókòó sí àárín gbùngbùn. Ọ̀kánkán ni onídán máa ń to iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ pátápátá lè rí ohun tí wọn ò fẹ́ kó rí, tàbí kí èjìká onídán bò ó lójú. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n pe òun jáde, kó yẹra fún ìlà méjì iwájú àti àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Bí ẹ ṣe máa wọlé

Magic Castle kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó kàn yà wọlé. Ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé ìpè, tàbí kí ẹ sùn sí Magic Castle Hotel tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣètò rẹ̀. Ẹ má ra ìwé ìpè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá mọ onídán kankan, kódà ní London tàbí ní Èkó, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó mọ ọmọ ẹgbẹ́ kan. Àwọn onídán mọ ara wọn káàkiri ayé.

Lálẹ́, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 kò lè wọlé. Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín gan-an dání, kì í ṣe àwòrán rẹ̀ lórí fóònù. Ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà lè má tẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ́rùn, torí kò rí irú rẹ̀ rí. Bí ẹ bá ti dé inú, ẹ máa dúró níwájú pẹpẹ ìwé kan tí òwìwí wà lórí rẹ̀. Ẹ sọ fún òwìwí náà pé "Open Sesame", pẹpẹ náà á sì yà.

Ti Chicago àti Orlando rọrùn: ẹ rà á lórí ìkànnì wọn fúnra wọn, ẹ sì dé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, ó kéré tán. Ẹni tó bá pẹ́ ní Chicago pàdánù àkókò tí onídán fi ń wá sí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ìdajì adùn rẹ̀ nìyẹn.

Oúnjẹ àti owó

Oúnjẹ gidi ni ti Magic Castle: àwo lórí àwo, ẹran màlúù tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé tí wọ́n yan, ẹja, àti wáìnì fún ẹni tó bá ń mu ún. Owó ẹnu ọ̀nà dá dúró, owó oúnjẹ dá dúró, owó àwọn tó ń bá yín gbé ọkọ̀ síbi ìgbọ́kọ̀sí náà dá dúró. Òun ló wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní Chicago, tíkẹ́ẹ̀tì yín kò kan oúnjẹ. Ìpápánu inú àwo kéékèèké ni wọ́n ń tà, ọtí wọn ló dára. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ jẹun ní Andersonville, àdúgbò tí ilé náà wà, kí ẹ tó wọlé; ilé oúnjẹ pọ̀ lójú Clark Street kan náà.

Ní Orlando, písà àjẹtẹ́rùn, sàláàdì, gúgúrú, bíà, wáìnì àti mínírà wà nínú iye tí ẹ san. Ìyẹn dára fún bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin, torí ó mọ iye tó máa ná kó tó kúrò nílé. Ẹ kíyè sí ohun kan: pepperoni tó wà lórí písà Amẹ́ríkà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Mùsùlùmí kó béèrè èyí tí wàràkàṣì nìkan wà lórí rẹ̀.

Iye tí ẹ rí nínú ìwé oúnjẹ kọ́ lẹ máa san. Ẹ jẹ́ ká ní oúnjẹ ẹni méjì jẹ́ dọ́là 120 ní Los Angeles. Owó orí á fi nǹkan bí dọ́là 12 kún un. Ẹni tó gbé oúnjẹ fún yín ń retí ìdá 18 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá fún un ní 20, dọ́là 24 nìyẹn. Ó ti di 156. Kí ẹ tó fún un, ẹ wo rìsíìtì dáadáa: bí wọ́n bá ti kọ "service charge" síbẹ̀, ẹ ti san án nìyẹn, ẹ má san án lẹ́ẹ̀mejì.

Aṣọ

Magic Castle nìkan ló ń le lórí aṣọ. Ọkùnrin: kóòtù, ẹ̀wù ọlọ́rùn, táì, bàtà aláwọ. Obìnrin: aṣọ òde gidi. Jíǹsì àti bàtà eré ìdárayá kò wọlé rárá, bó ti wù kí wọ́n wọ́n tó. Ẹni tó bá fẹ́ wọ agbádá, kó kọ̀wé sí wọn ṣáájú, kó sì tọ́jú ìdáhùn wọn sórí fóònù rẹ̀, kó má bàa máa bá ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣàlàyé lóru. Inú ilé náà, ẹ kò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò. Ní Chicago, aṣọ tó mọ́ tó bójú mu ti tó. Ní Orlando, ẹ lè wọ ohun tí ẹ wọ̀ lọ́sàn-án.

Ọjọ́ tí ẹ máa lọ

Ọ̀pọ̀ ló ń pàdánù owó wọn síbí. Aago mẹ́jọ alẹ́ ní Los Angeles nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago mẹ́rin ìdájí ni ní Èkó. Ní Chicago, aago méjì òru. Ní Orlando, aago kan. Idán orí tábìlì ń fẹ́ ojú tó lajú sílẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú láti Nàìjíríà lánàá á máa tòògbé lórí káàdì. Ẹ fi alẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ sí Magic Castle, méjì fún Chicago. Ti Orlando kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ìyẹn. Ariwo ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn.

Ní Los Angeles, ẹ má fi ìrọ̀lẹ́ Friday wakọ̀ láti òdìkejì ìlú lọ jẹun aago mẹ́fà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin B Line dé Hollywood/Highland lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ní Chicago, bọ́ọ̀sì 22 ń gba Clark Street kọjá níwájú ilé náà. Ní Orlando, I-Ride Trolley ń gba International Drive, ibi tí wọ́n kọ́ ilé WonderWorks sí bí ilé tó dorí kodò. Ẹ ò lè ṣì í mọ̀.

Ta lẹ ń mú lọ?

Bí Màmá bá wà lára yín, tí kì í tètè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà, àwàdà Outta Control á fo orí rẹ̀ kọjá. Káàdì tó pòórá lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ kò nílò ògbufọ̀. Àmọ́ ilé àtijọ́ ni Magic Castle, àtẹ̀gùn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró pọ̀ níbẹ̀. Bí orúnkún bá ń dùn ún, ẹ sọ fún wọn nígbà tí ẹ bá ń gba àyè. Wọ́n tún ní ìpàdé kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Houdini Séance, tí wọ́n fi orúkọ Houdini, onídán olókìkí àtijọ́, pè, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bí ẹni pe òkú. Eré ni, ọgbọ́n ọwọ́ ló sì wà nídìí gbogbo rẹ̀, kò sí oògùn níbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á láyè kò ní ṣèèṣì bọ́ sínú rẹ̀, torí ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ra tirẹ̀.

Bí London ni ìsinmi yín, ilé The Magic Circle, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1905, wà nítòsí Euston, wọ́n sì máa ń ṣí i fún èrò láti wo idán. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ.

Fún ẹni tó ní ọmọ kékeré, tó ṣì fẹ́ Magic Castle dandan: oúnjẹ ọ̀sán Saturday àti Sunday wọn gba ọmọdé láyè. Ìwé ìpè náà lẹ máa lò, òfin aṣọ náà kan àwọn ọmọ, nítorí náà ẹ ra bàtà aláwọ fún wọn kí ẹ tó kúrò nílé.