HHKB Hybrid lásán àbí Type-S? Mo ti lo méjèèjì, ohun tí mo rí nìyí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù ni mo bá wá lónìí o. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí tí mo ti ń lo HHKB (Happy Hacking Keyboard, kíbọ́ọ̀dù kékeré kan), Hybrid lásán ni mo kọ́kọ́ rà, nígbà tó yá mo tún ra Type-S tí wọ́n ní kì í pariwo, àwọn tó sì mọ̀ pé méjèèjì wà lọ́wọ́ mi ò yé bi mí pé èwo gan-an ni káwọn rà, ṣé owó tí wọ́n fi lé Type-S yẹn tọ́ sí i ṣá. Ẹ jẹ́ kí n kọ gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ilé-iṣẹ́ PFU ní Japan ló ń ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Tokyo tó ń jẹ́ Eiiti Wada ló ro bó ṣe máa rí, ọdún 1996 ni àkọ́kọ́ jáde. Bọ́tìnnì 60 péré ló wà lórí èyí tó jẹ́ ti ìlànà Amẹ́ríkà, kò sí ìlà F1 dé F12, kò sí àwọn bọ́tìnnì olófà, ibi tí ẹ mọ Caps Lock sí, Control ló jókòó síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sókè sódò, ẹ máa di Fn mú ni, kẹ́ ẹ wá tẹ [ tàbí ; tàbí ' tàbí /. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa le díẹ̀, tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì ọwọ́ á ti mọ̀nà fúnra ẹ̀.

Ohun tí Wada sọ nípa ẹ̀ wù mí púpọ̀, ó ní àwọn darandaran ẹlẹ́ṣin ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, bí ẹṣin wọn bá kú sójú ọ̀nà, wọ́n á fi ẹṣin sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ fi gàárì sílẹ̀ láéláé, wọ́n á gbé e kọ́ èjìká ni. Kọ̀ǹpútà lẹṣin, kíbọ́ọ̀dù ni gàárì. Láptọ́ọ̀pù méjì ló ti kọjá lọ́wọ́ mi látìgbà tí mo ti ra Hybrid yìí, òun ò yẹsẹ̀, kò sí bọ́tìnnì kan tó lẹ̀ tàbí tó kọ̀ láti dáhùn.

Iṣẹ́ títúmọ̀ èdè ni mò ń ṣe, London ni mò ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀ ni ilé wa, tábìlì iṣẹ́ mi wà ní pálọ̀. Iṣẹ́ máa ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́, mo lè máa tẹ̀ ẹ́ títí aago kan òru. Nígbà tó jẹ́ èmi àti ìyàwó mi nìkan kò sí wàhálà, ẹ̀ẹ̀kan tó bá ti sùn kò sí ohun tó lè jí i. Ohùn Hybrid yẹn gan-an wà lára ohun tó ń mú kí iṣẹ́ wù mí ṣe lóru. Mi ò rí ohun tó jọ ọ́ ju ọmọ ayò tó ń bọ́ sínú ọpọ́n lọ, ẹ mọ̀ ọ́n, ọpọ́n onígi tó ti dàgbà tó ti ń dán, tí àgbàlagbà tó mọ ayò í ta bá ń pín ọmọ ayò kiri, kó, kó, kó, kì í ṣe ariwo tí í gún etí, ó rinlẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Topre ni wọ́n ń pe nǹkan tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti ń lò ó nínú HHKB Professional láti 2003. Ife rọ́bà kékeré kan ló wà níbẹ̀, sípíríńgì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó rí bíi òkòtó wà nínú ife yẹn, tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, kò sí irin kankan tó ń kan irin, bí sípíríńgì yẹn ṣe ń sún mọ́ pátákó ìsàlẹ̀ ni pátákó fi ń mọ̀ pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́. Agbára tó ń gbà jẹ́ bíi giráàmù 45. Ní òkè pátápátá ẹ máa rí i pé ó kọ́kọ́ kọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbà, ọwọ́ yín á rọra sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbà tí ọmọ wa dáyé ni ìyá mi wá láti Ìbàdàn láti bá wa tọ́jú ẹ̀, orí àga gígùn ní pálọ̀ ni wọ́n sì ń sùn, ìyẹn ni pé wọn ò jìnnà sí tábìlì mi ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ. Wọn ò ráhùn. Alẹ́ kẹta tàbí ìkẹrin ni wọ́n gbórí sókè nínú òkùnkùn, wọ́n ní, "Àkàndé, ta ló ń ta ayò lóru yìí?" Bàbá tó bí wọn lọ́mọ fẹ́ràn ayò gan-an, wọ́n ní àwọn rò pé àwọn ń lálàá ilé àwọn ni. Mo bẹ̀ wọ́n, mo pa kọ̀ǹpútà, àmọ́ iṣẹ́ ò lè dúró lójoojúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà, a wà lórí Zoom, oníbàárà kan ní kí n jọ̀ọ́ má tẹ nǹkan mọ́ torí àwọn ń gbọ́ ọ ju ohùn mi lọ. Bí mo ṣe lọ ra Type-S nìyẹn.

Báyìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí torí ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi nǹkan gbọ́. Bọ́tìnnì kan, ohùn méjì ló ní. Ọ̀kan nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tó kan ìsàlẹ̀, ìkejì nígbà tó fò padà sókè tó lọ gbá ilé ẹ̀ lórí. Ti òkè yẹn gan-an ló pọ̀ jù nínú ohùn Hybrid lásán, rọ́bà ti ń gba ti ìsàlẹ̀ díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òrùka kékeré tó rọ̀ bíi tìmùtìmù ni wọ́n fi sínú Type-S níbi tí bọ́tìnnì ti ń gbá ilé ẹ̀ nígbà tó ń padà sókè. Ó tán, ìyàtọ̀ yẹn nìyẹn. Nítorí òrùka yẹn, ibi tí bọ́tìnnì ń rìn dé kúrú díẹ̀, mìlímítà 4.0 ni ti Hybrid, 3.8 ni ti Type-S. Wọ́n ní S yẹn dúró fún yíyára àti àìpariwo. Àìpariwo, mo gbà. Yíyára, mi ò rí i, iye tí mò ń tẹ̀ ní wákàtí kan kò yí padà.

Kò dákẹ́ pátápátá o! Ẹni tó bá ń fọwọ́ gbá kíbọ́ọ̀dù bíi ẹni ń gún iyán, Type-S ò lè gbà á, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn á ṣì jáde, bọ́tìnnì gígùn tí a fi ń fi àyè sílẹ̀ yẹn sì ṣì ń sọ̀rọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ọmọ ayò yẹn náà ni, àmọ́ orí ẹní ló ń bọ́ sí báyìí, kì í ṣe inú igi. Mo ká aṣọ ìnura kan sábẹ́ ẹ̀ torí tábìlì onígi mi máa ń gbé ohùn sókè, ìyẹn náà ṣèrànwọ́ gidi, ẹ kọ́kọ́ dán èyí wò lórí èyí tó wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó náwó. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo lo Type-S, màmá sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, ọmọ ló jí wọn.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, ọwọ́ mi fẹ́ràn Hybrid lásán jù. Àwọn kan máa ń sọ pé ohùn nìkan ló yàtọ̀, mi ò gbà pẹ̀lú wọn rárá. Lórí Hybrid, bọ́tìnnì máa ń fò padà wá gbá ìka, ìka ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wọlé, ó ń dá èèyàn lóhùn. Lórí Type-S ìpadàbọ̀ yẹn rọ̀, ó rọra ń gbé ìka sókè ni, fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ó dà bíi pé mò ń rìn lórí iyanrìn lẹ́yìn tí mo ti mọ ilẹ̀ gbígbẹ lára. Ó mọ́ra, mo tiẹ̀ wá rí i pé tí mo bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́ títí, wákàtí mẹ́fà méje, orí ìka mi kì í ta mí bíi tẹ́lẹ̀. Àmọ́ adùn yẹn, ti Hybrid ni.

Ohun kan wà tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni sọ, ó sì kan àwa tí a ń kọ Yorùbá gan-an. Ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà kan, ìtẹ̀ kan. Àwa ńkọ́? Mac ni mò ń lò, ABC Extended, ìlànà ìtẹ̀wé kan tó wà nínú Mac, ni mo fi ń fi àmì sí i, "ọ̀rọ̀" tó jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta lójú yẹn, Option lọ, x lọ, o lọ, àmì ohùn tẹ̀lé e, r, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣe tán ẹ ti tẹ bọ́tìnnì tó ju mẹ́wàá lọ. Ìyẹn ni pé àwa tí a ń fi àmì sórí Yorùbá wa dáadáa, a ń pariwo ju ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lọ lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ọwọ́ wa sì ń ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Nǹkan tí ó jẹ́ ìyàtọ̀ kékeré fún ẹlòmíì ti di ńlá fún wa. Ẹ tún wá wò ó, àmì ohùn ìsàlẹ̀, bọ́tìnnì ` yẹn, apá òsì lókè ló máa ń wà lórí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù, lórí HHKB igun apá ọ̀tún lókè pátápátá ni wọ́n gbé e sí, ẹ̀gbẹ́ \. Ó dà mí láàmú fún bí oṣù kan. Ní báyìí ìka kékeré apá ọ̀tún mi ti mọ̀ ọ́n, mo tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí ọwọ́ òsì ló ń di Option mú, kò sí pé ọwọ́ kan ṣoṣo ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Méjèèjì lèyí kàn, kò sí ìyàtọ̀ níbẹ̀.

Àwọn nǹkan yòókù tí méjèèjì fi jọra, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Bátìrì AA méjì ni wọ́n ń lò, Bluetooth lè rántí ẹ̀rọ mẹ́rin, mo so láptọ́ọ̀pù àti fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, USB-C náà wà tẹ́ ẹ bá fẹ́ wáyà ṣùgbọ́n wọn ò fi wáyà sínú páálí, pẹ̀lú gbogbo owó yẹn, ìyẹn ò dùn mọ́ mi nínú. Tẹ́ ẹ bá dìde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìtẹ nǹkan lórí Bluetooth, ó máa pa ara ẹ̀, ẹ máa tẹ bọ́tìnnì iná ẹ̀yìn kó tó jí. Ó fúyẹ́, bíi giráàmù 540 láì fi bátìrì kún un, inú àpò láptọ́ọ̀pù ni mo máa ń sọ ọ́ sí. Èyí tó dúdú, lẹ́tà dúdú ni wọ́n kọ sórí ẹ̀, lálẹ́ ẹ ò ní rí i dáadáa, tí ẹ bá ń wo bọ́tìnnì kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, funfun ni kẹ́ ẹ rà.

Owó ńkọ́? Èyíkéyìí nínú méjèèjì ju 200 dọ́là lọ, Type-S sì wọ́n ju Hybrid lọ dáadáa. Ẹni tó ní yàrá tiẹ̀ lọ́tọ̀, tó lè ti ilẹ̀kùn, tí kì í ṣe ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà, kí ló fẹ́ fi Type-S ṣe? Kó ra Hybrid, kó gbádùn ara ẹ̀. Àbúrò mi kan ní Ìkẹjà bi mí bẹ́ẹ̀, mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó gbọ́ ohùn wọn, ìró jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ẹ̀ ni mo tiẹ̀ ń gbọ́ lọ́dọ̀ tiẹ̀, mo ní Hybrid ni kó rà, kò sì tíì kábàámọ̀. Ẹni tó bá ń bá ọmọ kékeré, òbí, tàbí ẹni tí oorun ẹ̀ fúyẹ́ gbé, tàbí tó ń jókòó pẹ̀lú àwọn èèyàn ní ọ́fíìsì, kó fowó lé e, kó ra Type-S. Àwọn kan máa ń ra òrùka rọ́bà yẹn lọ́tọ̀ kí wọ́n fi sínú Hybrid fúnra wọn, ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ máa tú gbogbo kíbọ́ọ̀dù ni, ẹ máa yọ bọ́tìnnì 60 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, sípíríńgì kéékèèké yẹn sì lè fò sọnù bí ẹ ò bá ṣọ́ra. Tí ọwọ́ yín ò bá balẹ̀, ẹ má dán an wò.

Màmá ti padà sílé, ọmọ ti ń rìn báyìí. Lọ́sàn-án tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé, Hybrid lásán ló wà lórí tábìlì mi, tó bá di pé ọmọ ti sùn mo á gbé e kúrò, mo á gbé Type-S síbẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo, Type-S ni mo máa mú, torí òru ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, kì í ṣe torí pé ó dùn lọ́wọ́ jù.

Ẹ tún ṣọ́ra tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á: ìlànà Amẹ́ríkà àti ìlànà Japan ló wà. Ti Japan ní bọ́tìnnì 69, àwọn olófà sì wà lórí ẹ̀, àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ torí ẹ̀, àmọ́ ipò àwọn àmì ò bá èyí tí ọwọ́ wa mọ̀ mu. Ẹni tí mo ra Type-S lọ́wọ́ ẹ̀ kọ́kọ́ fi ti Japan ránṣẹ́ sí mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró kó tó pààrọ̀ ẹ̀, màmá sì wà lórí àga yẹn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Ẹ ka ohun tó wà lára páálí kẹ́ ẹ tó sanwó.