Kí ẹ tó fín ọkọ̀ yín: ìfiwéra 1K, 2K àti béèsì oníkílíà

Àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bá pẹ́ńtà sọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kun ọkọ̀. Irú ọ̀dà tó fẹ́ lò ló yẹ kó ṣáájú. Pẹ́ńtà méjì lè fún yín ní funfun kan náà lónìí, kí méjèèjì máa dán yinrin, kí ọdún má sì tíì yí po tí ọ̀kan á ti ṣá bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Ìdí nìyẹn tí iye tí wọ́n ń pè fi ń jìnnà síra. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó pe owó ńlá ló fẹ́ rẹ́ yín jẹ.

Ẹ jẹ́ ká tú K inú 1K àti 2K náà ná. Kì í ṣe ẹgbẹ̀rún náírà o. Inú èdè Jámánì ló ti wá, Komponente, ìyẹn èròjà. Ọ̀dà 1K, èròjà kan ṣoṣo ni: wọ́n á fi tínà là á, wọ́n á fín in, tínà á fò lọ, ọ̀dà á gbẹ. 2K ní ẹnìkejì, hádínà, tí wọ́n gbọ́dọ̀ pò mọ́ ọn kí wọ́n tó fín in. Bí méjèèjì bá ti pàdé, wọ́n á so mọ́ra títí wọn á fi le, tínà kò sì ní lè tú wọn mọ́.

Ẹ wo abẹ́ ẹnu táǹkì ọkọ̀ tí wọ́n fi 1K kùn, ẹ ó rí ojú ibi tí bẹntiróòlù ṣàn gbà: ọ̀dà ibẹ̀ á ti rọ̀, á ti ṣí. Bẹntiróòlù kì í rí 2K tó ti gbẹ dáadáa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ tí wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ẹ rẹ òwú sínú tínà, kí ẹ fi nu ibi tó pamọ́ nínú etí ilẹ̀kùn. Bí àwọ̀ bá lẹ̀ mọ́ òwú, 1K ni, tàbí 2K tí hádínà rẹ̀ kò tó.

1K kò burú ní gbogbo ọ̀nà. Owó rẹ̀ ló kéré jù, ó ń yára gbẹ débi pé eruku kì í ráyè bà lé e, bí ibì kan bá sì họ, ó rọrùn láti tún ṣe. Dánfó tó ń fara gbún ọkọ̀ ẹlòmíì lójoojúmọ́, inú búùtù, abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, mi ò ní ní kí ẹnikẹ́ni náwó ju bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í fúnra rẹ̀ dán, àfi kí wọ́n bọ́ọ̀fù ú, ìyẹn kí wọ́n fi ẹ̀rọ nù ún dán, oòrùn wa sì máa ń sọ ọ́ di ẹfun: ẹ fọwọ́ nù ún, àwọ̀ á wà ní àtẹ́lẹwọ́ yín. Lásìkò òjò, tínà tó ń sáré fò lọ máa ń mú ara irin tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sẹ̀ sí i, ọ̀dà dúdú á wá hó funfun bí ẹni da omi ògì lé e. Pẹ́ńtà tó mọ iṣẹ́ kì í fín in lọ́jọ́ tí òjò ṣú.

2K tí kò ní kílíà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tí wọ́n fi ń bo àwọ̀, lórí wà fún àwọ̀ tí kò ní lúbúlúbú tó ń tàn nínú: funfun, dúdú, pupa. Ó ń dá dán. Èmi gbà pé òun ló tọ́ sí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ funfun tó wà lójú títì. Funfun Toyota tí nọ́ńbà àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ 040, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò ní kílíà láti ilé iṣẹ́ wá, nítorí náà bí pẹ́ńtà bá ní dandan ni kílíà fún un, ẹ bi í ní ìdí.

Sílífà àti àwọn àwọ̀ tó ń tàn wínníwínní kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Lúbúlúbú alumíníọ̀mù ló wà nínú béèsì wọn, ìyẹn ọ̀dà aláwọ̀ tó wà lábẹ́ kílíà, béèsì kì í sì í dán, kò sì lè dá kojú oòrùn. Kílíà tó bò ó lórí ló ń fún un ní dídán, òun náà ló sì ń gba ìyà oòrùn, òjò àti ìgbẹ́ ẹyẹ. Owó tí ẹ ń san, ibẹ̀ ni kó lọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti máa ń dín in kù, torí pé lọ́jọ́ tí ẹ bá wá gbé ọkọ̀, ojú kò lè mọ̀ ọ́n.

Mo ti fara gbá a. Mo gbé Corolla sílífà mi fún pẹ́ńtà kan. Wọ́n fín béèsì tán, jẹnẹrétọ̀ wọn bàjẹ́, ó di ọjọ́ kẹrin kí wọ́n tó fín kílíà. Béèsì ti gbẹ kọjá àkókò tí kílíà fi lè dì í mú, wọn kò sì fi sáńpépà rá a. Ọkọ̀ náà dán, mo sanwó, mo dúpẹ́. Ní oṣù kẹjọ, mo rí ilà funfun kan ní etí bónẹ́ẹ̀tì. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kílíà gbéra fẹ́ẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Kò sí àtúnṣe kékeré fún irú rẹ̀. Ká hó gbogbo rẹ̀ ká tún bẹ̀rẹ̀ ni.

Látìgbà náà, èmi fúnra mi ni mò ń ra kílíà, pẹ̀lú hádínà tiẹ̀ gan-an. Ìwọ̀n tí a ó fi pò ó wà lára agolo: kílíà méjì sí hádínà kan, tàbí mẹ́rin sí ọ̀kan. Bí hádínà bá dín, kílíà á rọ̀ títí. Bí ó bá pọ̀ jù, á gan, á máa là. Èyí tí wọ́n bá ti pò, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí díẹ̀. Ẹni tó pò ó láàárọ̀, tó wá ń fi tínà fà á gùn nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ yín ló ń bàjẹ́. Kí wọ́n fín béèsì lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n fín kílíà lẹ́ẹ̀mejì kó kún, kí wọ́n sì jẹ́ kí kílíà ìkíní fẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ìkejì tó bọ́ sórí rẹ̀.

Óòfùn tí wọ́n fi ń mú ọ̀dà gbẹ ńkọ́? Bí ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, 2K á le, eruku kò sì ní rí i. Ó dára, ó sì wọ́n. Ṣùgbọ́n mo fọkàn tán pẹ́ńtà abẹ́ páànù tó ń bu omi wọ́n ilẹ̀, tó ń tú omi inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ dànù láràárọ̀, ju olóòfùn tí kì í rá irin dáadáa lọ. Eruku tó bà sórí kílíà, sáńpépà 1500 àti 2000 pẹ̀lú bọ́ọ̀fù á mú un kúrò. Ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní ọ̀nà àbáyọ.

Kí wọ́n má fi ojú po àwọ̀ yín. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ìwé kékeré tó lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Ti Toyota wà níwájú C/TR: 202 ni dúdú, 1F7 ni sílífà tèmi. Kí wọ́n fín in sára páànù kékeré ná, kí ẹ gbé e dé ojú oòrùn. Bí ẹ bá sì fẹ́ yí àwọ̀ padà pátápátá, ẹ yí ti inú ìwé ọkọ̀ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo imú pẹ́ńtà. Hádínà 2K ní kẹ́míkà tó ń jẹ́ isocyanate nínú, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó lè di ikọ́ fée, áńkáṣífù kò sì lè dá a dúró. Ibi tí ọmọ iṣẹ́ bá ti ń fín in láìwọ ìbòjú tó péye, mi ò ní gbé ọkọ̀ mi síbẹ̀.

Ọ̀sán ni kí ẹ lọ gbà á, kì í ṣe alẹ́. Ẹ wo etí rọ́bà fèrèsé, ibẹ̀ ni kílíà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù. Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, omi lásán ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Wáàsì di ẹ̀yìn oṣù kan.