Àga Ọmọdé Tí Mo Fi Ń Gbé Ọmọ Mi Lọ sí Ìbàdàn

Láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni mo ti ń lo àga ọmọdé kan tí a ń fi bẹ́líìtì ọkọ̀ dè mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn, láti fi gbé ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún méjì, lọ kí màmá mi ní Ìbàdàn. Èkó ni à ń gbé, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni a sì máa ń rin ọ̀nà náà.

Kí n tó rà á, orí itan àbúrò mi obìnrin ni ọmọ náà máa ń jókòó sí. Lọ́jọ́ kan, nítòsí Mówe, ọkọ̀ akẹ́rù kan já wọ iwájú wa lójijì, mo tẹ búréèkì, orí ọmọ sì lọ gbá ẹ̀yìn ìjókòó mi. Iwájú rẹ̀ wú díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ni àbúrò mi fi dì í mú, tí kò sì lè dá a dúró.

₦85,000 ni mo ra àga náà, ó sì wà fún ọmọ tí kò tíì ju 18 kìlógíráàmù lọ. Títí ọmọ yóò fi wúwo tó 13 kìlógíráàmù ni a lè kọ ojú rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé àga náà gbà kí a kọ ọ́ síwájú láti 9. Ọmọ mi ti tó 12 báyìí, síbẹ̀ ẹ̀yìn ni mo ṣì kọ ojú rẹ̀ sí, nítorí pé orí ọmọdé wúwo ju agbára ọrùn rẹ̀ lọ, bí ọkọ̀ bá sì forí sọ nǹkan, àga náà ni yóò gba gbogbo ẹ̀yìn ọmọ dúró, tí ipá ìkọlù náà kò fi ní í bọ́ sórí ọrùn nìkan. Màmá mi bínú nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ní, "Kí ni ọmọ yìí ṣẹ̀ yín tí ẹ fi kọ ojú rẹ̀ sí ògiri?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe de àga náà mọ́ ìjókòó iwájú tí ó ní àpò afẹ́fẹ́ (airbag), nítorí pé bí àpò náà bá tú, ẹ̀yìn àga náà gan-an ni yóò gbá, ọmọ sì wà nínú rẹ̀.

Mo gbóríyìn fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó tà á fún mi ní Ìkẹjà. Ó bá mi dé ìdí ọkọ̀, ó fi orúnkún tẹ àga náà mọ́lẹ̀, ó fa bẹ́líìtì gba ojú ihò aláwọ̀ búlúù, ó sì mì í jìgìjìgì títí kò fi yẹ̀ mọ́. Ó tún kọ́ mi pé bí mo bá ṣì lè fi ìka méjì ká okùn èjìká ọmọ jọ, okùn náà kò tíì le tó.

Ooru ni àléébù rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ nípọn, ó dúdú, ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n rán an. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí a gbé ọkọ̀ sínú oòrùn, irin ìdè rẹ̀ jó ọmọ nítan, ó sì sunkún títí a fi kọjá Ṣágámù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìró funfun bo àga náà bí a bá ti sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ọmọ bì sínú rẹ̀, mo ní láti tú gbogbo okùn kí n tó lè bọ́ aṣọ náà fọ̀, ó sì gbà mí ní odidi ìrọ̀lẹ́ kan kí n tó tò ó padà.

Wọ́n kọ́kọ́ fi tòkunbọ̀ kan lọ̀ mí ní ₦30,000. Nígbà tí mo yí i wo ìdí rẹ̀, ìwé pélébé aláwọ̀ ọsàn tí lẹ́tà E inú òbìrí máa ń wà lára rẹ̀, èyí tí ó ń fi hàn pé wọ́n ti dán àga náà wò tí ó sì yege, ti já dànù, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún mi bóyá ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́ ti ní ìjàm̀bá rí. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú tèmi, kí ó béèrè èyí tí aṣọ rẹ̀ kò dúdú. Wọ́n ní in, iye kan náà sì ni.