Ilé iṣẹ́ notaire kan ní Àjàṣẹ́ tó mọ iyì ẹlẹ́rìí

Bàbá aládùúgbò mi kan ló pè mí pé kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí ìwé ìhágún òun ní ilé iṣẹ́ notaire kan, ìyẹn amòfin tí ìjọba fún láṣẹ láti máa kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Owó wọn kò kéré, ibi ìjókòó wọn kò sì dára, ṣùgbọ́n mo lè fọwọ́ sọ̀yà nípa iṣẹ́ wọn, nítorí wọ́n ṣe é bí ẹni tó mọ̀ pé lọ́jọ́ tí àríyànjiyàn bá dé sórí ìwé náà, ẹni tó ni ín kò ní sí láyé láti sọ tẹnu rẹ̀.

Lábẹ́ òfin ẹbí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ìyẹn òfin 2002-07 tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2004, ènìyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìhágún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó sì buwọ́ lù ú, láìsí ẹlẹ́rìí kankan. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará wa tó wà lẹ́yìn ààlà ní Ìdí-Ìrókò, nítorí ní Nàìjíríà, àfi kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀ pa pọ̀ nígbà tí oníhàágún ń buwọ́ lu ìwé, kí àwọn náà sì buwọ́ lù ú. Ẹbí tó ní ilé ní Kétu, tó tún ní oko ní Ìmẹ̀kọ, gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Àmọ́ ní ti ìwé tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, bí àwọn ọmọ bá sọ pé ọwọ́ bàbá àwọn kọ́ ló kọ ọ́, ilé ẹjọ́ ní láti wá ohun tó kọ nígbà ayé rẹ̀ kí wọ́n fi wé e, ìyẹn a sì máa pẹ́. Ọwọ́ bàbá yìí ti ń gbọ̀n, kò lè kọ̀wé mọ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ notaire nìkan ló kù fún un.

Ohun tó wú mi lórí jù lọ ni bí wọ́n ṣe yẹ àwọn ẹlẹ́rìí wò. Wọ́n gba káàdì ìdánimọ̀ wa, wọ́n sì bi ẹnì kọ̀ọ̀kan wa bóyá a bá bàbá tan, àti bóyá ó ní ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀ fún wa. Ọ̀kan nínú àwọn tí bàbá mú wá dáhùn pé òun mọ̀ pé ìpín òun wà níbẹ̀. Maître, bí a ti ń pe notaire náà, fi ọ̀wọ̀ ní kí ó jáde, wọ́n sì dúró títí tí a fi rí tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó gbọ́ Yorùbá àti Faransé, kó tó di pé bàbá la ẹnu.

Bàbá ń sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, wọ́n ń kọ ọ́ ní Faransé, lẹ́yìn náà ọmọbìnrin akọ̀wé kà á padà fún un ní Yorùbá ní ẹsẹẹsẹ. Ó ń dúró díẹ̀díẹ̀, ó ń ní, “Bàbá, ṣé bí ẹ ṣe wí nìyí?” Nígbà tó kan ilẹ̀ kan, bàbá ní, “Rárá o, ọmọ mi, ẹ̀gbẹ́ kànga ni, kì í ṣe ẹ̀yìn kànga.” Wọ́n tún gbogbo ojú ìwé yẹn tẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé bàbá sọ pé òun kò lè buwọ́ lù ú àti ìdí rẹ̀, wọ́n ní kí ó tẹ̀ka, àwa ẹlẹ́rìí sì buwọ́ lu ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ohun tó há fún ẹnikẹ́ni kì í ṣe ohun tí mo lè sọ níbí.

Bàbá ti kọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n pín gbogbo rẹ̀ ní ìdí igi, ìyẹn kí ìpín jẹ́ iye ìyàwó tó bímọ, bí bàbá tirẹ̀ ti ṣe é. Maître fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé àṣà kò ní agbára òfin mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ogún, pé ọgbọọgba ni ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, àti pé ìpín kan wà tí òfin yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tí ìhágún kò lè fọwọ́ kàn. Inú bàbá kò dùn sí i. Lójú tèmi, notaire tó bá gba owó, tó wá kọ ohun tí adájọ́ yóò fagi lé, kò ṣe ẹni náà lóore.

Ọwọ́ wọn ni ojúlówó ìwé náà wà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ lọ́la pé bàbá kọ́ ló sọ ohun tí notaire kọ pé òun gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ gbọ́dọ̀ pè é ní ayédèrú níwájú adájọ́, kí ó sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Èyí ni owó tí bàbá san wà fún.

Ní ti owó náà, wọn kò kọ iye rẹ̀ sí ibì kankan, ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń dárúkọ rẹ̀: ti iṣẹ́ wọn, ti ìforúkọsílẹ̀, ti ẹ̀dà. Ó yẹ kí wọ́n sọ àpapọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì tún jẹ́ kí àgbàlagbà jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì tí kò ní ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló dá àkókò fún un. Ẹni tó ní ilẹ̀, tó sì ní ọmọ púpọ̀, ni mo lè rán lọ síbẹ̀ láìṣiyèméjì; ẹni tó lè kọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lè kọ ọ́ nílé, kí ó wá fi í pamọ́ sọ́dọ̀ wọn.