DVD The Simpsons sáà kẹrin: èmi ò tíì ṣetán láti kó o dànù

Àwọn àbúrò mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló tún ń ra DVD láyé tá a wà yìí. Kí wọ́n máa ṣe é lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bá mi ra páálí The Simpsons, kàtúùnù Amẹ́ríkà nípa ìdílé kan, sáà kẹrin ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan ní London, owó tó fi rà á kò tó nǹkan, mo sì ti wò ó débi tí mo fi lè sọ bó ṣe rí fún ẹni tó bá ń rò ó bóyá kí òun náà rà á.

Fox gbé sáà yìí jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà láàárín 1992 sí 1993. 2004 ni DVD rẹ̀ jáde. Àwo mẹ́rin, ìpín 22. Al Jean àti Mike Reiss ni wọ́n ń darí àwọn òǹkọ̀wé nígbà náà, lójú tèmi, eré yìí kò tún dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan sí ìgbà yẹn.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ àwo ju ti íntánẹ́ẹ̀tì lọ ni àwòrán rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ayé ọjọ́un kò fẹ̀ bíi ti ìsinsìnyí, bí ojú tẹlifíṣọ̀n náà ṣe rí ni wọ́n sì ṣe ya eré náà. Nígbà tí Disney+, ibi tí wọ́n ti ń wo eré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ ní November 2019, ṣe ni wọ́n gé òkè àti ìsàlẹ̀ àwòrán kúrò kó lè kún tẹlifíṣọ̀n òde òní. Inú sáà kẹrin yìí gan-an ni ìpín tó tú àṣírí wọn wà: “Duffless”. Homer, bàbá inú eré náà, àti Barney ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ wo ilé iṣẹ́ ọtí Duff. Àgbá ńláńlá mẹ́ta dúró síbẹ̀: Duff, Duff Lite, Duff Dry. Ẹ wá gbójú sókè díẹ̀, páìpù kan ṣoṣo ló ń da ọtí sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun nípa rẹ̀, ojú lẹ máa fi rí i. Bí wọ́n bá ti gé òkè kúrò, ẹ̀fẹ̀ náà ti wọlẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ kankan wà níbẹ̀ rí. Àwọn olólùfẹ́ eré náà pariwo títí, May 2020 ni Disney+ tó fi ààyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ti àtijọ́. Páìpù tèmi ò kúrò níbi tó wà.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣe eré náà. Ìpín kọ̀ọ̀kan ló ní i: ẹ yan commentary, ẹ ó máa gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń ta ara wọn lẹ́nu. Conan O'Brien, tó jẹ́ òǹkọ̀wé níbẹ̀ kó tó di gbajúmọ̀ lórí ètò alẹ́, wà lára àwọn tó sọ̀rọ̀ lórí “Marge vs. the Monorail” tó kọ. Nínú ìyẹn, owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là bọ́ sọ́wọ́ ìlú Springfield, gbájú-ẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Lyle Lanley sì dé, ó kọrin fún gbogbo ìlú, wọ́n jó, wọ́n sì kówó fún un kó bá wọn ṣe ọkọ̀ ojú irin tí kò tọ́jọ́. Orin lásán! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá wọn ṣí òkúta ìpìlẹ̀ rí, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi rẹ́rìn-ín tí inú sì tún bí mi.

“Last Exit to Springfield” ni mo fẹ́ràn jù. Ìtọ́jú eyín ló dá ìjà sílẹ̀: Mr. Burns, tó ni ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tí Homer ti ń ṣiṣẹ́, fẹ́ gbà á lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, eyín Lisa ọmọ Homer sì nílò wáyà. Homer di olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n yanṣẹ́ lódì, Burns bá pa iná gbogbo ìlú. Wọn ò túká, orin ni wọ́n ń kọ nínú òkùnkùn. Nílé wa, ibi tá a dé nìyẹn tí wọ́n mú iná lọ. Mi ò parọ́ o.

Màmá mi kì í sábà jókòó ti kàtúùnù, àmọ́ ó wo “Lisa's First Word” tán. Bart ń pe bàbá rẹ̀ ní “Homer” láti kékeré, màmá mi ní irú ọmọ wo rèé. Nígbà tí Homer pa iná yàrá tó sì jáde ni Maggie, ọmọ ọwọ́ wọn, wá yọ ike ẹnu rẹ̀, ó ní “Daddy”, kò sì sẹ́ni tó gbọ́. Elizabeth Taylor ni wọ́n gbé wá torí ọ̀rọ̀ kan yẹn. Màmá mi ní ká dá a padà kóun tún gbọ́.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára ṣá. Ìpín kan wà tó jẹ́ pé àwókù àwọn ìpín àtijọ́ ni wọ́n kó jọ. Mo máa ń fò ó. Àwòrán náà kò mọ́ kedere lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, àlà dúdú yóò sì wà lápá ọ̀tún àti òsì. Ike tó di àwo kẹta mú nínú páálí tèmi ti kán, bí mo bá ṣí i báyìí, àwo á bọ́ sílẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ gbé ẹ̀yìn àwo sójú iná kẹ́ ẹ rí i bó bá ti họ. DVD máa ń ní nọ́ńbà agbègbè tí wọ́n ṣe é fún, òun ni wọ́n ń pè ní region: ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ region 2, ti Amẹ́ríkà jẹ́ region 1. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ DVD olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà wa ò bìkítà, ṣùgbọ́n ti kọ̀ǹpútà sábà máa ń gba ìyípadà region ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré, lẹ́yìn náà orí èyí tó wà kẹ́yìn ló máa dúró sí. Tí ẹ bá sì rí sáà kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ mú un: “Stark Raving Dad” tí Michael Jackson sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó ni eré náà sì ti yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí wọ́n ń fi hàn láti March 2019.