Ráàkì sítíárìn tí wọ́n tún ṣe: ohun tó yanjú lára bọ́ọ̀sì mi àti ohun tí kò yanjú

Bọ́ọ̀sì mi ti lé ní ogún ọdún, ẹrù ni mo sì fi ń kó látìgbà tó ti dọ́wọ́ mi. Íńjìnnì rẹ̀ ò yọ mí lẹ́nu rí. Sítíárìn ló kó mi láyà sókè. Bí mo bá ń yà ní kọ̀rọ̀, á fúyẹ́, á ṣàdédé le bíi pé ẹnìkan dì í mú, á tún fúyẹ́. Bí mo bá yà tán, kì í padà sáàárín fúnra rẹ̀, àfi kí n fọwọ́ dá a padà. Lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ, ńṣe ló ń rìn gbéregbère. Tí mo bá sì ń páàkì, bí mo bá ti yí i dópin, pọ́ǹpù tó ń ti ọ́yìlì sí sítíárìn kó lè fúyẹ́ á máa hu lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹrù wà lẹ́yìn mi, èèyàn wà níwájú mi. Mi ò lè fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Taya ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èyí tó wà níwájú lápá òsì ti sọ afẹ́fẹ́ nù dáadáa. Mo fún un láfẹ́fẹ́, ó dín gbéregbère náà kù díẹ̀, líle yẹn ò lọ. Fáńbẹ́ẹ̀tì tó ń yí pọ́ǹpù ò dẹ̀. Ọ́yìlì sítíárìn ti lọ sísàlẹ̀ àmì tó kéré jù. Ìyẹn ló jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, tí mo tú ìdè tó di rọ́bà tó máa ń nà tó sì máa ń súnkì ní ẹ̀gbẹ́ ráàkì, ìyẹn irin gbọọrọ tó ń gba yíyí sítíárìn, tó fi ń ti taya iwájú sósì àti sọ́tùn-ún. Ọ́yìlì pupa tú jáde sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Gírísì nìkan ló yẹ kó wà nínú rọ́bà yẹn. Bí ọ́yìlì bá ti débẹ̀, sílì inú ráàkì, ìyẹn rọ́bà tó ń dá ọ́yìlì dúró, ti jẹ nìyẹn. Mẹkáníìkì tó bá mi wò ó ní ká pààrọ̀ ráàkì. Èmi náà gbà.

Ráàkì tuntun pátápátá fún ọkọ̀ tó ti dàgbà báyìí ṣòro rí, torí náà èyí tí wọ́n tú palẹ̀, tí wọ́n fi sílì tuntun sí, tí wọ́n sì tún tò ni mo rà, pẹ̀lú àdéhùn pé màá fi ti àtijọ́ ránṣẹ́ padà. Ohun tí mo fẹ́ràn lára àwọn tó tà á fún mi ni pé wọn ò gba orúkọ ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ nìkan. Wọ́n ní kí n ka nọ́ńbà ara ráàkì àtijọ́, kí n sì ya fọ́tò ibi tí páìpù ti wọlé. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, torí irú bọ́ọ̀sì kan náà lè lo oríṣi ráàkì méjì tàbí mẹ́ta, tí èyí tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá òsì ò sì lè bá ti apá ọ̀tún mu.

Nígbà tó dé, wọ́n ti fi ìdérí oníke dí gbogbo ojú ihò rẹ̀ kí ìdọ̀tí má bàa wọ̀ ọ́. Rọ́bà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ tuntun, táírọ́ọ̀dù ti inú (ara ọ̀pá tó so ráàkì mọ́ ẹsẹ̀ taya) jẹ́ tuntun, òrùka rọ́bà ti páìpù sì wà nínú ọ̀rá kékeré kan. Mo fọwọ́ yí ẹnu ráàkì náà, níbi tí ọ̀pá sítíárìn ti ń so mọ́ ọn, láti òpin dé òpin: ó lọ geerege, kò há níbì kankan. Ẹ rántí ohun tí mo sọ yìí, mo ṣì ń bọ̀ wá sórí ẹ̀.

Àléébù kan tó bí mi nínú ni pé ìwé tó bá a wá ò sọ irú ọ́yìlì tó yẹ ká bù sí i. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Ọkọ̀ kan ń lo ọ́yìlì pupa ti jíà aládàáṣe, òmíràn ń lo aláwọ̀ ewé tí wọ́n ṣe fún sítíárìn nìkan, èyí tí kò bá sì bá a mu lè ba sílì tuntun jẹ́. Ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí ike ọ́yìlì ọkọ̀ mi ni mo tẹ̀ lé.

Èmi àti mẹkáníìkì la jọ dè é. Kí a tó tú táírọ́ọ̀dù ti ìta, a ka iye ìgbà tó yí kó tó bọ́, ká lè dá a padà síbi tó súnmọ́ ti tẹ́lẹ̀. A fi ọ̀dà funfun sàmì sára ọ̀pá tó so sítíárìn mọ́ ráàkì, a sì fi bẹ́líìtì ìjókòó de sítíárìn mọ́lẹ̀. Ẹ má fojú kéré ìyẹn tí ọkọ̀ yín bá ní airbag. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wé mọ́ra lẹ́yìn sítíárìn, bí sítíárìn bá lọ ń yí lófìfo lẹ́yìn tí ẹ ti tú u, wáyà náà máa já. Lẹ́yìn náà a fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, a ò tan íńjìnnì, a sì ń yí sítíárìn láti òpin dé òpin bí ogún ìgbà, a ń bu ọ́yìlì kún un títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi jáde, tí kò rú ìfófòó mọ́. Ìgbà yẹn la tó tan íńjìnnì.

Mo gbé e jáde. Pọ́ǹpù ò hu mọ́. Ọ́yìlì ò jò. Ọkọ̀ ò rìn gbéregbère mọ́. Mo dé kọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó tún le, ó fúyẹ́, ó tún le.

Ó dùn mí wọra. Mo pe àwọn tó tà á, wọ́n ní kí n tún lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Mo ṣe é, kò yí padà. Wọ́n wá ní kí n tú ráàkì náà kí n dá a padà, àwọn máa fún mi ní òmíràn, wọn ò sì bá mi jiyàn rárá. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo rántí bí ráàkì yẹn ṣe yí geerege lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tó dé, ọkàn mi ò sì gbà pé òun ló jẹ̀bi.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Mo tún gbé iwájú ọkọ̀ sókè, mo tan íńjìnnì. Taya iwájú ò kan ilẹ̀ mọ́, síbẹ̀ sítíárìn ń le, nítorí náà kì í ṣe taya. Mo tẹ iná sí i, líle náà ò dín kù. Pọ́ǹpù tó bá ti rẹ̀ sábà máa ń sàn díẹ̀ tí a bá tẹ iná. Mo wá lẹ téèpù pélébé kan mọ́ orí sítíárìn, mo ń rọra yí i. Bí téèpù bá dé ibi tí 3 wà lójú aago, ó le. Bó bá dé ibi 9, ó tún le. Mo yí i ní ìgbà mẹ́wàá, ibi méjì yẹn náà ni. Ohun tó ń há lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyí kan, lójú kan náà, á jẹ́ ohun tó ń bá sítíárìn yí, tó sì ní apá méjì: jọ́ìntì, ìyẹn oríkèé tó ń tẹ̀ sápá méjì, lára ọ̀pá tó wà láàárín sítíárìn àti ráàkì.

Mo tú ọ̀pá náà, mo mú jọ́ìntì rẹ̀ lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ sápá kan, ó tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sápá kejì, ó dúró gbagidi bí ìgbà tí wọ́n jó o pọ̀. Rọ́bà tó bò ó ti ya, omi ojú ọ̀nà ti ń ta sí i, ìpẹtà tó dà bí àtíkè pupa ló bọ́ sí mi látẹ́lẹwọ́. Lọ́jọ́ tí a de ráàkì, ọ̀pá yìí kan náà ni a fi ọ̀dà sàmì sí! Ọ́yìlì tó jò ló bò wá lójú. A ti rí àrùn kan, a ò wá èkejì mọ́. Mo fi ọ́yìlì tó ń tú ìpẹtà sí i, ó dẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó tún gan. Mo pààrọ̀ ọ̀pá náà lódindi, pẹ̀lú bóòtì tuntun. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá yà tán, sítíárìn ń padà sáàárín fúnra rẹ̀.

Nínú 5, mo fún ráàkì yìí ní 4. Ìwé ọ́yìlì tí kò sí ló gba ẹyọ kan yẹn. Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á pé, kí wọ́n tó ta òmíràn fún ẹni tí sítíárìn rẹ̀ le, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ojú kan náà ló ti ń le ní gbogbo ìgbà tó bá yí? Àwọn táírọ́ọ̀dù tí wọ́n fi síbẹ̀ kò ní mìmì. Mo gbé ọkọ̀ lọ fún alaìńmẹ́ǹtì, kí wọ́n to taya kó dúró tọ́, ní ọjọ́ kejì, taya iwájú sì ń jẹ dọ́gba.

Oṣù mẹ́jọ ti kọjá. Ní Sátidé tó lọ, mo tún dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, mo tú ìdè rọ́bà ẹ̀gbẹ́ òsì, mo ki ìka bọ inú rẹ̀. Gírísì nìkan ni mo bá níbẹ̀.